Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìdásílẹ̀ Owó-Orí Mọ Bí Ọrọ̀ Ajé Ṣe Ń Lọ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni pé mo máa ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké n'Íbàdàn ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀kan nínú wọn, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́wàá, fi kún owó bàbá tó ń ṣọ́ géètì wọn. ₦68,000 ni bàbá ń gbà láti ìgbà tó ti débẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n sọ ọ́ di ₦75,000. Nígbà tí oṣù tán, ₦71,233 ló wọlé. Bàbá mú fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó kí oòrùn má baà dí i lójú, ó ka álẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní: "Ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n ní àwọn fi kún un. Ta ló ti mú tiẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?"

Kò sí olè níbẹ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ wà ní ₦68,000, kò tíì tó owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù keje 2024, ìyẹn ₦70,000. Òfin sì ti sọ pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju iye yẹn lọ kò ní san PAYE, ìyẹn owó-orí tí wọ́n máa ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Bó ṣe fi ₦5,000 péré kọjá ₦70,000 báyìí, ààbò yẹn ṣí kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Òṣùwọ̀n ọdún 2011 ni wọ́n padà fi wọn gbogbo ₦900,000 tó ń gbà lọ́dún: wọ́n yọ ₦200,000 tí òfin dá sílẹ̀ pé kí owó-orí má wọ̀, wọ́n tún yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ìyẹn ₦180,000, ó ku ₦520,000 tí owó-orí máa wọ̀. Ìdá 7 lórí ₦300,000 àkọ́kọ́ jẹ́ ₦21,000. Ìdá 11 lórí ₦220,000 tó kù jẹ́ ₦24,200. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦45,200 lọ́dún, ₦3,767 lóṣù. Nínú ₦7,000 tí wọ́n fi kún owó bàbá, èyí tó bá owó-orí lọ ju ìdajì lọ.

Kì í ṣe pé bàbá san owó-orí ló dùn mí. ₦200,000 yẹn ló dùn mí. Ọdún 2011 ni wọ́n kọ ọ́ sínú òfin, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí ọdún 2025 fi tán, gbogbo bí náírà ṣe ń ṣubú tó. Láti ọjọ́ tí bàbá ti bi mí léèrè ni mo ti ní ìwé àjákọ kan tí mò ń kọ ìdásílẹ̀ owó-orí sí, ọdún dé ọdún, tí mo sì ń kọ bí ayé ṣe ń rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ti rí kọ́ nínú ìwé yẹn nípa ọrọ̀ ajé wa pọ̀ ju èyí tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìdásílẹ̀ kan, kí ẹ mọ irú èyí tó jẹ́

Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdásílẹ̀ owó-orí pọ̀ lọ jàra ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ á sú kó tó dé ìdajì. Oríṣi mẹ́ta ni mo pín wọn sí.

Èyí àkọ́kọ́ ni iye owó tí wọ́n kọ sínú òfin, bíi ₦200,000 ìjọ́un. Irú èyí kì í rìn fúnra rẹ̀. Àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún un kọ. Èyí kejì ni orúkọ ọjà: gàrí, búrẹ́dì, iyọ̀, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àwọn nǹkan tí òfin sọ pé kí VAT, ìyẹn owó-orí tí à ń san lórí ọjà, má wọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdásílẹ̀ tó ní ọjọ́ tó máa parí, èyí tí ìjọba kéde nígbà tí nǹkan bá le, tí wọ́n ní oṣù mélòó kan ló máa fi wà.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú wọn ń sọ. Èyí àkọ́kọ́ máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ọ̀wọ́ngógó ṣe ń jẹ owó tálákà lábẹ́lẹ̀. Èyí kejì ń fi ohun tí ìjọba kà sí kòṣeémánìí hàn yín. Ẹ̀kẹta ń fi ibi tó ń dun ìlú jù lásìkò náà hàn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi PAYE. Oṣooṣù ni ẹni tó bá ń gbowó oṣù ń rí i, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló sì ń gbà á, kì í ṣe Àbújá. Tẹ́ ẹ bá ń gbé n'Ífẹ̀, Ọ̀ṣun lẹ ń san án fún. Tẹ́ ẹ bá ń gbé n'Íkòròdú, Èkó ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ló ń kọ òfin rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ló ń gba owó rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ìtàn iye náà láti inú òfin gan-an

Ẹ ya ojú ìwé sí òpó márùn-ún: orúkọ òfin, ọjọ́ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ú, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye tó dá sílẹ̀, àti ẹni tó dá sílẹ̀. Ọjọ́ ìbuwọ́lù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ló tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi 2025 sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti fi oṣù mẹ́fà ṣìnà.

Tèmi rèé lórí PAYE:

Ṣáájú 2011: ₦5,000, pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé. ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í kà ju ọmọ mẹ́rin lọ.

2011: ₦200,000 tàbí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì, pẹ̀lú ìdá 20.

2021 (òfin ìṣúná tí wọ́n ṣe fún ọdún 2020): iye owó kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba owó oṣù tó kéré jù bọ́ lọ́wọ́ PAYE.

2026: gbogbo ti 2011 yẹn di ohun àná. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, kò sí owó-orí lórí rẹ̀. Ìdá 15 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá san owó ilé á yọ ìdá 20 nínú owó ilé náà, ṣùgbọ́n ohun tó máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ.

Ohun kan wà ní 2021 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí, èmi náà ò tètè rí i. Òfin yẹn tún ìtumọ̀ "owó tó wọlé" kọ. Tẹ́lẹ̀, gbogbo owó lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó yọ ìdá 20. Láti 2021, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ owó pẹ́ńṣọ̀n àti irú rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó wá mú ìdá 20 nínú èyí tó kù. Ẹ jẹ́ ká wo òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦100,000 lóṣù, tí ìdá 8 ń lọ sí pẹ́ńṣọ̀n lórí gbogbo rẹ̀. ₦1,200,000 ni owó ọdún rẹ̀, pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ ₦96,000. Lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, ìdásílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦440,000. Lọ́nà ti 2021, ó di ₦420,800. ₦19,200 ti fò lọ, bẹ́ẹ̀ ₦200,000 àti ìdá 20 ṣì wà nínú òfin bí wọ́n ṣe wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ ka òfin fúnra rẹ̀, àti apá tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má fi ti ìwé ìròyìn nìkan ṣe é. Iye owó ni àwọn oníròyìn sábà máa ń gbé jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sọ ọ́ di ìlà kan

₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 ò ṣeé fi wé ₦800,000 bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì di ohun kan náà: èló ni èèyàn lè máa gbà lọ́dún tí kò fi ní sí ohun tí owó-orí máa wọ̀? Ìlà ni èmi ń pe ìyẹn.

Fún 2011, ẹ ṣe é báyìí. Tí ìdá 20 nínú owó ẹnì kan bá ti bọ́, ìdá 80 ló kù. Ìdá 80 yẹn ni ₦200,000 gbọ́dọ̀ bò tán. Torí náà, ẹ pín 200,000 sí 0.8, ẹ ó rí 250,000. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìdá 20 nínú ₦250,000 jẹ́ ₦50,000, ẹ fi ₦200,000 kún un, ó pé. Ìlà 2011 títí dé 2025 jẹ́ ₦250,000 lọ́dún, bíi ₦20,833 lóṣù. Ìlà 2026 jẹ́ ₦800,000 lọ́dún, bíi ₦66,667 lóṣù.

Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé lábẹ́ òfin 2011, kí ti 2021 tó dé, ẹni tí kò tó ìlà náà pàápàá ṣì ń san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí owó-orí tó kéré jù. Ìdá 1 yẹn kò ba ìṣirò wa jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ á máa sọ pé àwọn kan kò san nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń san.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé ìlà náà ka orí ohun tó ń rìn

Ibí yìí ni ọkàn iṣẹ́ yìí wà, ẹ má kánjú níbẹ̀. Ìlà dá dúró kò sọ nǹkan kan. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan mìíràn kó tó fọhùn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń fi wọ̀n ọ́n ni owó oṣù tó kéré jù, nítorí pé òfin ló gbé òun náà kalẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀. ₦18,000 ni ní 2011, ₦30,000 ní 2019, ₦70,000 ní 2024. Ẹ sọ ọ́ di ti ọdún, kẹ́ ẹ wá fi pín ìlà.

2011: ₦250,000 sí ₦216,000. Ó jẹ́ 1.16.

2019: ₦250,000 sí ₦360,000. Ó jẹ́ 0.69.

2024: ₦250,000 sí ₦840,000. Ó jẹ́ 0.30.

2026: ₦800,000 sí ₦840,000. Ó jẹ́ 0.95.

Ẹ wo iye àkọ́kọ́ dáadáa. Ní 2011, ìdásílẹ̀ bo ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí, ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Ní 2019, ẹni náà gan-an ti bọ́ sínú owó-orí: nínú ₦360,000 rẹ̀, ₦272,000 ló bọ́, ìdá 7 lórí ₦88,000 tó kù sì jẹ́ ₦6,160. Kò sí aṣòfin kan tó dìde pé kí owó-orí máa wọ owó oṣù tó kéré jù. Wọ́n kàn fi ìlà sílẹ̀ níbi tó wà ni, owó oṣù sì gòkè kọjá rẹ̀. Ó di ọjọ́ kìíní ọdún 2021 kí wọ́n tó fi òfin ọ̀tọ̀ yọ wọ́n jáde, ohun tí wọ́n sì ṣe nígbà náà ni pé wọ́n lẹ abúlẹ̀ mọ́ ọn; wọn kò gbé ìlà náà sókè. Abúlẹ̀ yẹn ló já mọ́ bàbá ẹnu géètì lọ́wọ́ nígbà tó fi ₦5,000 kọjá rẹ̀.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí 0.30 yẹn, mo tún un ṣírò nígbà mẹ́ta, mo rò pé mo ṣì í. Láàárín ọdún 13, ààbò tí òfin ṣe fún òṣìṣẹ́ kékeré dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, láìsí ìbò, láìsí ìwọ́de, láìsí pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Fún èmi, iye yẹn ń sọ nípa ọ̀wọ́ngógó ohun tí ìdá ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n ń kà lóṣooṣù kò sọ: ó ń sọ ẹni tó ru ẹrù rẹ̀.

Èyí kejì tí mo ń fi wọ̀n ọ́n ni dọ́là, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí à ń rà ló ti òkè òkun wá. Ní 2011, náírà wà ní bíi 155 sí dọ́là kan ní báńkì. ₦250,000 nígbà náà lé díẹ̀ ní $1,600. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, bíi ₦1,500 ni dọ́là kan. ₦250,000 kan náà kò pé $170. Kódà ₦800,000 tuntun, tẹ́ ẹ bá fi ₦1,500 pín in, $533 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdásílẹ̀ ti fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òótọ́ ni tó bá jẹ́ iye náírà ló ń kà. Tó bá jẹ́ ohun tí owó náà lè rà ló ń sọ, kò tíì padà sí ibi tó wà ní 2011.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń rà. Ẹ mú nǹkan mẹ́rin tí kì í yẹ̀ nílé yín, bíi ìrẹsì, gáàsì ìdáná, owó ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti owó ilé. Ẹ máa kọ iye wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní lọ́dọọdún. Oṣù mélòó ni ìlà náà lè gbọ́ bùkátà wọn? Èsì yẹn kò ní bá ti aládùúgbò yín mu, kò sì burú bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣọ́ra fún ìdá ọ̀wọ́ngógó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ìdá ọ̀wọ́ngógó tí NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè jọ, ń gbé jáde, ẹ mọ̀ pé wọ́n yí ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn padà. Oṣù kejìlá 2024, ìdá 34.80 ni wọ́n kéde. Oṣù kìíní 2025, ó di 24.48. Ọjà kò wálẹ̀ báyẹn láàárín oṣù kan. Ẹnikẹ́ni tó ná ọjà Bódìjà lóṣù yẹn lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n gbé ọdún ìpìlẹ̀ kúrò ní 2009 wá sí 2024 ni, wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà tí wọ́n ń kà tò. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni, kò sí àlébù níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má so àwọn iye méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé okùn kan ni wọ́n. Ẹ fa ìlà pupa sí àárín wọn nínú ìwé yín, kẹ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn owó tó ń wọ àpò ìpínlẹ̀

Mo ní a máa padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. NBS kan náà máa ń gbé àkọsílẹ̀ owó tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń pa lábẹ́lé jáde, wọ́n sì máa ń ya PAYE sọ́tọ̀ níbẹ̀. Gómìnà tó bá rí i pé owó yẹn lé sókè á sọ pé iṣẹ́ ń lọ, pé wọ́n ti dí ihò tí owó ń gbà jò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yín. Bí ìlà bá dúró gbagidi tí owó oṣù sì ń gòkè nítorí ọjà wọ́n, PAYE á pọ̀ sí i dandan, kódà bí kò bá sí òṣìṣẹ́ tuntun kan, tí òṣìṣẹ́ àtijọ́ kò sì lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Owó tó wọ àpò ìjọba lọ́nà yẹn, ọ̀wọ́ngógó ló bí i.

Ní 2026, ìlà ti sún sókè. Ẹ máa wo PAYE ìpínlẹ̀ yín lọ́dún yìí. Bó bá lọ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọrọ̀ ajé ń kú. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí kò yẹ kó máa san tẹ́lẹ̀ ló bọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fetí sí ìdásílẹ̀ pàjáwìrì

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìjọba tó nílò owó lójú méjèèjì kì í déédéé sọ pé òun ò gbowó-orí lórí nǹkan kan mọ́. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo nǹkan náà, ibẹ̀ ló ń jó.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ gbéra sókè, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn máa dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ìjọba dá VAT orí epo díísù dúró fún oṣù mẹ́fà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátò àti ẹ̀wà wá láti òkè Ọya, díísù ló ń mu. Ẹni tó kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ kò ní yà á lẹ́nu pé oúnjẹ ló wọ́n tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kẹfà 2024, NBS ní ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ ti dé ìdá 40.87. Nínú oṣù keje, ìjọba kéde pé fún ọjọ́ 150, àwọn kò ní gba owó ẹnubodè lórí àgbàdo, ìrẹsì tí wọn ò tíì bó tán, àlìkámà àti ẹ̀wà. Ó di oṣù kẹjọ kí ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè tó gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Nítorí ìyẹn ni mo fi ń kọ ọjọ́ mẹ́ta fún irú ìdásílẹ̀ báyìí: ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ọjọ́ tí ìlànà jáde, àti ọjọ́ tó parí. Àlàfo láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì ń sọ bí ìjọba ṣe yára tó nígbà tí ebi wà nílùú. Bí wọ́n bá sì sún ọjọ́ ìparí síwájú, ẹ kọ ọ́. Ó túmọ̀ sí pé iná náà kò tíì kú.

Lórí àwọn ọjà tí VAT kì í wọ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kí n tó kọjá. "Kò ní VAT" oríṣi méjì ni. Ní ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kò ní gba VAT lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n VAT tí òun san lórí ọ̀rá tó ń di búrẹ́dì sí, kò sẹ́ni tó máa dá a padà fún un, orí búrẹ́dì ló sì máa gbé e gùn. Ní ti èkejì, VAT wà lórí búrẹ́dì náà ṣùgbọ́n òdo ni iye rẹ̀, torí náà oníbúrẹ́dì lè béèrè èyí tó san. Òfin 2026 kó àwọn oúnjẹ kòṣeémánìí, oògùn àti owó ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀wọ́ kejì yìí. Ẹ kọ ọ̀wọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan wà sí ìwé yín, ẹ má kọ "kò ní VAT" lásán.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Texas

Ọ̀nà kan náà yìí ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ní Houston àti Dallas, ó tilẹ̀ rọrùn ju tiwa lọ, nítorí ìbò ni wọ́n fi ń yí i padà, ọjọ́ rẹ̀ sì ṣe kedere. Texas kì í gba owó-orí lórí owó oṣù. Orí ilé ni ẹrù wọ̀, ìdásílẹ̀ tó sì ṣe pàtàkì jù ni iye tí wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé tí èèyàn ń gbé fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí ilé-ẹ̀kọ́. $15,000 ni láti 1997. Ó di $25,000 ní 2015, $40,000 ní 2022, $100,000 ní 2023, $140,000 ní 2025.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ọdún 18 ni àkọ́kọ́ fi dúró, lẹ́yìn náà ìyípadà mẹ́ta wáyé láàárín ọdún mẹ́rin. Ọ̀wọ́ngógó Amẹ́ríkà láàárín 1997 sí 2015 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 48, ìyẹn ni pé $15,000 gbọ́dọ̀ di bíi $22,000 kó tó lè dúró sí ipò rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di $25,000. Títí dé ibẹ̀, ọ̀wọ́ngógó nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti $40,000 sí $100,000 láàárín ọdún kan, ọ̀wọ́ngógó kò lè dá ṣe ìyẹn. Iye ilé ti lọ sókè ju agbára àwọn onílé lọ, àpò ìpínlẹ̀ náà sì kún: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn jẹ́ bílíọ̀nù 32.7 dọ́là. Nígbà tẹ́ ẹ bá rí ìdásílẹ̀ tó fò kọjá ọ̀wọ́ngógó báyẹn, ohun mìíràn ló ń tì í. Ẹ wá a.

Ibi tí ìwé mi dé báyìí

Òfin owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n ṣe ní 2024 sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ọdún márùn-ún mọ́. 2027 nìyẹn. ₦800,000 tuntun náà sì dúró lójú kan bí ₦200,000 ìgbà yẹn ṣe dúró. Kò sí ohun tó so ó mọ́ iye ọjà. Mo ti fa òpó 2027 sílẹ̀ nínú ìwé mi. Bí owó oṣù bá gòkè tí ìlà kò gòkè, 0.95 á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, èmi á sì mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún 13.

Bàbá ẹnu géètì ṣì ń gba ₦75,000. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ₦100,000 nìkan ló lé lórí ìlà nínú owó ọdún rẹ̀; ìdá 15 lórí rẹ̀ jẹ́ ₦15,000, ₦1,250 lóṣù. ₦73,750 ló wọlé. Ó tún gbé fóònù wá, ó tún fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Mo sọ fún un pé ó ṣì lè dín kù: ₦300,000 ló ń san fún yàrá méjì rẹ̀ lọ́dún, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, tí a bá yọ ìyẹn, ₦500 péré ni yóò máa san lóṣù. Rìsíìtì ni a ó fi hàn. Onílé rẹ̀ kò já rìsíìtì fún un rí láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà nílé náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba owó, ẹnu ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Mo ti bá a kọ ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú àyè fún ìbuwọ́lù onílé àti ọjọ́. Ó ká a, ó fi sínú àpò àyà, ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun á lọ bá ìyá onílé.